Fáráò: Ọba tí a ń pè ní Ilé

Bíbélì kíkà: Ékísódù 1:8-22, 5:1-19, Hébérù 11:23-27

Bí a bá fara balẹ̀ ka orí kìíní Ìwé Ékísódù, a ó rí ohun kan tí ó yẹ kí ó yà wá lẹ́nu. Obìnrin méjì wà níbẹ̀ tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ agbẹ̀bí. A kò gbọ́ pé wọ́n lówó, a kò gbọ́ pé wọ́n jẹ́ aya ìjòyè, síbẹ̀ Bíbélì fi orúkọ àwọn méjèèjì sílẹ̀ fún wa: Ṣífúrà àti Púà. Ọba kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ọba tí ó ní ilẹ̀, tí ó ní ọmọ-ogun, tí ó sì ń kọ́ ìlú ìṣúra. A kò rí orúkọ tirẹ̀. "Ọba Íjíbítì" ni a pè é, tàbí "Fáráò", ó parí. Títí di òní ni àwọn ọ̀mọ̀wé ń jiyàn lórí ẹni tí ọba náà í ṣe. Àwọn kan ka 1 Àwọn Ọba 6:1, wọ́n ka 480 ọdún padà sẹ́yìn láti ọdún kẹrin ìjọba Sólómọ́nì, wọ́n sì fi ìjáde àwọn ọmọ Ísírẹ́lì sí nǹkan bí ọdún 1446 ṣáájú ìbí Kristi. Àwọn mìíràn wo orúkọ ìlú tí ó wà ní Ékísódù 1:11, wọ́n ní Ramesses Kejì ni, ẹni tí ó jọba fún nǹkan bí ọdún 66, láti 1279 sí 1213. A kò ní parí ìjà yẹn nínú ẹ̀kọ́ yìí. Ohun tí a fẹ́ bi ara wa ni èyí: kí ni ìtumọ̀ oyè náà, Fáráò? Báwo ni a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí fi í pe ènìyàn? Kí ni ó sì ń ṣẹlẹ̀ sí ènìyàn, àti sí àwọn tí ó wà lábẹ́ àṣẹ rẹ̀, nígbà tí oyè bá bo orúkọ mọ́lẹ̀?

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó dàgbà pẹ̀lú èrò pé Fáráò jẹ́ orúkọ ènìyàn, gẹ́gẹ́ bí Sọ́ọ̀lù tàbí Dáfídì. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, Fáráò kan náà ni ó mú Sárà lọ sí ààfin, òun ni ó fi Jósẹ́fù ṣe olórí, òun ni ó lépa Mósè dé Òkun Pupa, òun náà ni ó tún pa Jòsáyà ní Mẹ́gídò. Mètúsélà pàápàá kò pẹ́ láyé tó bẹ́ẹ̀!

Fáráò kì í ṣe orúkọ ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ Íjíbítì méjì ni a so pọ̀. Èkínní ni "per", ìtumọ̀ rẹ̀ ni ilé. Èkejì ni "aa", ìtumọ̀ rẹ̀ ni ńlá. Ilé Ńlá. Àwọn ará Íjíbítì ń fi àwòrán kọ̀wé, àwòrán tí wọ́n sì fi ń kọ "per" ni àwòrán ilé bí ìgbà tí ènìyàn bá wò ó láti òkè: ògiri yí i ká, ẹnu ọ̀nà sì wà ní ìsàlẹ̀. Àwòrán òpó ni wọ́n fi ń kọ "aa". Nítorí náà, nígbà tí a bá rí ọ̀rọ̀ náà lára òkúta àtijọ́, ilé àti òpó ni ojú wa ń rí. Kò sí ènìyàn níbẹ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ibi tí ọba ń gbé ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, ààfin àti gbogbo àwọn tí ó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Ìjòyè kan a máa jẹ́ ìránṣẹ́ Ilé Ńlá, gẹ́gẹ́ bí a ti lè wí pé lágbájá ń ṣiṣẹ́ ní ààfin. Nígbà tí ó di ayé àwọn ọba ìran kejìlá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fi àdúrà kún un bí wọ́n bá ti kọ ọ́: kí ó yè, kí ó rí ire, kí ara rẹ̀ le. Èyí jọ bí àwa náà ti ń ṣàdúrà pé kí adé pẹ́ lórí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀. Síbẹ̀, ààfin ni wọ́n ṣì ń sọ nígbà náà. Ó di nǹkan bí 1350 ṣáájú ìbí Kristi, ní àkókò ọba tí à ń pè ní Akhenaten, kí a tó rí i láìsí iyèméjì nínú lẹ́tà tí a kọ sí ọba pé òun fúnra rẹ̀ ni a pè ní Ilé Ńlá. Láti ìgbà náà ni ó ti tàn kálẹ̀. Lẹ́yìn nǹkan bí irinwó ọdún, wọ́n wá ń fi í ṣáájú orúkọ ọba, bí a ti ń fi "Ọba" ṣáájú orúkọ lónìí.

Orúkọ márùn-ún ni ọba Íjíbítì ń jẹ́, ọ̀kan nínú wọn sì ni èyí tí a sọ ọ́ nígbà tí a bí i. Wọ́n a máa ya àwòrán okùn yí méjì nínú wọn ká. Fáráò kò sí lára márààrún. Kì í ṣe ìwúyè ni ó ti wá, ẹnu àwọn ènìyàn ni ó ti wá. Nígbà tí ó sì pẹ́, ìtumọ̀ rẹ̀ parẹ́ lọ́kàn àwọn ọmọ ilẹ̀ náà pàápàá. Nínú èdè Kópìtíìkì, èdè tí àwọn Kristẹni Íjíbítì fi ka Bíbélì láti ìgbà àtijọ́, ohun tí ó ṣẹ́kù nínú ọ̀rọ̀ náà kò túmọ̀ sí ju "ọba" lọ. Ilé ti pòórá nínú rẹ̀, ẹni tí ó ń sọ ọ́ kò mọ̀ mọ́ pé ilé wà níbẹ̀ rí.

Àwa Yorùbá mọ ohun tí ó jọ èyí, ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ìyàtọ̀ kékeré kan. Ọba Ọ̀yọ́ ni à ń pè ní Aláàfin. Ìtumọ̀ rẹ̀ hàn gbangba: ẹni tí ó ni ààfin. Ilé wà nínú oyè náà, ẹni tí ó ni ín sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn ará Íjíbítì yọ ẹni tí ó ni ilé kúrò, wọ́n fi ilé nìkan sílẹ̀. Ó dà bí ẹni pé a wí ní Ọ̀yọ́ pé, "Ààfin ń jẹun lọ́wọ́," tàbí "Ààfin ń bínú sí yín." Ọmọdé tí ó bá sọ bẹ́ẹ̀, a ó fi rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n àgbàlagbà a máa ka ìwé ìròyìn pé Abújà ti pàṣẹ, pé Ilé Funfun ti fèsì, kò sì ní rẹ́rìn-ín rárá.

Kí a tó tẹ̀ síwájú, ó yẹ kí olùkọ́ tọ́ka sí bí Bíbélì ti lo oyè yìí, nítorí pé àwọn ẹlòmíràn a máa fi ṣe ẹ̀sùn. Wọ́n á ní, bí ó bá jẹ́ pé ìgbà ayé Akhenaten ni a bẹ̀rẹ̀ sí pe ọba bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí Jẹ́nẹ́sísì 12:15 fi wí pé Fáráò wà ní ìgbà Ábúráhámù? Kò ṣòro. A máa ń wí pé Nàìjíríà ni a ti bí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, ní Òṣogùn, ní nǹkan bí 1809, bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ kankan kò jẹ́ Nàìjíríà nígbà náà. Ẹni tí ó ń ròyìn a máa lo orúkọ tí àwọn tí ó ń gbọ́ mọ̀. Ẹ tún wo ohun mìíràn tí ó dára. Nígbà tí ọba Íjíbítì kógun wá sí Jerúsálẹ́mù ní ayé Rèhóbóámù, Ṣíṣákì ọba Íjíbítì ni a pè é (1 Àwọn Ọba 14:25), a kò fi Fáráò sí iwájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ìgbà tí ó súnmọ́ ìkólọ sí Bábílónì, Fáráò Nékò ni a kà (2 Àwọn Ọba 23:29), àti Fáráò Hófírà (Jeremáyà 44:30). Bí àṣà ti ń yípadà ní Íjíbítì ni ó ń yípadà nínú Ìwé Mímọ́ pẹ̀lú. Níwọ̀n ìgbà tí a sì wà lórí ọ̀rọ̀ àṣìmọ̀, ẹ jọ̀wọ́, kì í ṣe àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ni ó kọ́ àwọn pírámídì ńlá tí ó wà ní Gísà. Èyí tí ó tóbi jù nínú wọn ti wà láti nǹkan bí 2560 ṣáájú ìbí Kristi, ó ti dàgbà ju ẹgbẹ̀rún ọdún lọ kí a tó bí Mósè. Bíríkì ni Bíbélì sọ pé wọ́n ṣe, ìlú ìṣúra ni wọ́n sì kọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wá wọ inú ọ̀rọ̀.

Ìdí tí àwọn ènìyàn fi ń pe ọba wọn ní Ilé Ńlá kò burú. Ọ̀wọ̀ ni. Àwa náà kì í pe orúkọ ọba lásán, ọmọ kì í pe orúkọ baba rẹ̀, ìyàwó ilé kì í pe orúkọ àbúrò ọkọ rẹ̀ pàápàá. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó jẹ oyè náà ni ó burú. Fáráò kan ni ó gbọ́ ìtumọ̀ àlá lẹ́nu ẹlẹ́wọ̀n, tí kò tijú láti fi òrùka ọwọ́ rẹ̀ fún un, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì tipa bẹ́ẹ̀ rí oúnjẹ jẹ nínú ìyàn ọdún méje (Jẹ́nẹ́sísì 41). Oyè kan náà, ilé kan náà, ni ọba mìíràn jókòó sí tí ó pàṣẹ pé kí a pa ọmọ tuntun. Oyè kò sọ ẹni rere di ẹni búburú. Kí ni ó wá ń ṣe?

Ó ń fi ènìyàn pamọ́. Àwọn tí ó dàgbà ní ìlú tí eégún ti ń jáde mọ̀ bí ó ti máa ń rí. Ẹni tí ó bá wọ ẹ̀kú lè fi pàṣán na ọmọ aládùúgbò rẹ̀ lọ́sàn-án, kí ó sì kí baba ọmọ náà ẹ kú alẹ́ nígbà tí oòrùn bá wọ̀. Eégún ni ó nà án, òun kọ́. Gbogbo ìlú mọ̀, kò sí ẹni tí ó gbọ́dọ̀ sọ. Bákan náà ni Ilé Ńlá rí. Ilé kì í sunkún. Ilé kò ní ẹ̀rí-ọkàn tí yóò jí i ní ọ̀gànjọ́ òru. Bí Ilé Ńlá bá wí pé kí a pa ọmọ, ta ni ó wí i? Ẹni tí ó wí i ti wọ inú ilé, ó ti ti ìlẹ̀kùn.

Síbẹ̀ ènìyàn ni ó wà nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin ọdún 2021, ìjọba Íjíbítì kó òkú àwọn ọba àti ayaba àtijọ́, méjìlélógún ni wọ́n, la àárín ìlú Káírò kọjá lọ sí ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé titun. Ramesses Kejì wà lára wọn. Àwọn dókítà ti yẹ òkú rẹ̀ wò ṣáájú, wọ́n rí i pé eyín rẹ̀ bàjẹ́ gidigidi, àti pé àrùn oríkèé bá a jà ní ọjọ́ ogbó. Ilé Ńlá ń jẹ̀rora eyín! Àwọn tí ó ń dojúbolẹ̀ níwájú rẹ̀ ní ayé ọjọ́un lè má ronú kan eyín rẹ̀ rí.

Wàyí o, ohun kan wà tí Ilé Ńlá kò ní. Kò ní ọwọ́. Èyí ni orí kìíní Ékísódù fi hàn wá, ó sì yẹ kí kíláàsì dúró pẹ́ níbẹ̀. Ọba fẹ́ kí a pa àwọn ọmọkùnrin Hébérù, ó sì fẹ́ kí a ṣe é ní bòńkẹ́lẹ́, kí ó dà bí ẹni pé ọmọ náà kú lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Ó ní kẹ̀kẹ́ ogun, ó ní tafàtafà, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó lè wọ iyàrá tí obìnrin ti ń rọbí nínú wọn. Ọwọ́ agbẹ̀bí nìkan ni ó ń dé ibẹ̀. Bí ọba bá máa ṣe ohun tí ó fẹ́, ó di dandan kí ó yá ọwọ́ Ṣífúrà àti Púà lò. Wọn kò yá a.

Ní orí karùn-ún, a rí àwọn mìíràn tí wọ́n yá a. Mósè àti Áárónì wọlé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ pé báyìí ni Olúwa wí. Lẹ́yìn ẹsẹ mẹ́sàn-án péré, àwọn akóniṣiṣẹ́ jáde sí àwọn ènìyàn, ọ̀rọ̀ tiwọn sì bẹ̀rẹ̀ pé báyìí ni Fáráò wí: kò sí koríko mọ́, iye bíríkì kò sì gbọdọ̀ dín. Ẹnu akóniṣiṣẹ́ ni ó sọ ọ́, ọwọ́ akóniṣiṣẹ́ ni pàṣán wà. Bí a bá bi ọ̀kan nínú wọn léèrè lálẹ́ ọjọ́ náà, bóyá ó ń fi omi gbígbóná wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú ilé, kí ni ì bá wí? Yóò wí pé òun kò ní ohunkóhun nínú sí àwọn Hébérù. Ilé Ńlá ni. Báyìí ni a fi ń ṣe ibi tí kò sí ẹnikẹ́ni tí ó ṣe é: ẹni tí ó pàṣẹ kò fi ọwọ́ kàn án, ẹni tí ó fi ọwọ́ kàn án kò pàṣẹ. Ọmọ ti kú sáàárín wọn.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ìdáhùn tí àwọn agbẹ̀bí fún ọba ní ẹsẹ 19 gba gbogbo àkókò ẹ̀kọ́ yín. Ní gbogbo ìgbà ni àríyànjiyàn máa ń bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀: ṣé irọ́ ni wọ́n pa tàbí òtítọ́ ni? Èrò tèmi ni pé Bíbélì kò yìn wọ́n nítorí ìdáhùn náà. Ó yìn wọ́n nítorí pé wọ́n bẹ̀rù Ọlọ́run, wọ́n sì dá ọmọ sí. Ohun tí ó yẹ kí a rí ni pé ọba pè wọ́n, wọ́n sì wá. Wọn kò bú u. Wọn kò sọ pé kì í ṣe ọba. Wọ́n fún ìtẹ́ ní ọ̀wọ̀ ìtẹ́, wọn kò sì fún un ní ọwọ́ wọn.

Ẹsẹ 21 ni ó wá dùn mọ́ni jù. Ọlọ́run san èrè fún àwọn obìnrin wọ̀nyí, kí ni ó sì fún wọn? Ilé. Ọ̀rọ̀ tí ó wà níbẹ̀ nínú èdè Hébérù ni ilé, ìyẹn ni pé ó fún wọn ní ìdílé, ó sọ wọ́n di ẹni tí ó ní ìran. Nínú ìtàn ọba tí a ń pè ní Ilé Ńlá, àwọn tí ó kọ̀ láti ṣe ọwọ́ fún ilé náà ni Ọlọ́run kọ́ ilé fún! Ọ̀rọ̀ ilé tún padà wá nínú Òfin Mẹ́wàá. Nígbà tí Olúwa ń sọ ibi tí ó ti mú Ísírẹ́lì jáde, Bíbélì Yorùbá wa pè é ní oko-ẹrú, ìtumọ̀ náà sì bá ilẹ̀ wa mu, nítorí oko ni ọ̀pọ̀ ẹrú ti ń ṣiṣẹ́ níhìn-ín. Ṣùgbọ́n nínú èdè Hébérù, ilé ni: ilé àwọn ẹrú (Ékísódù 20:2). Ẹni tí ó wà lókè ń pè é ní Ilé Ńlá. Ẹni tí ó ń gbé bíríkì nísàlẹ̀ mọ orúkọ mìíràn fún ilé kan náà.

Kí a má tan ara wa jẹ o. Ìgboyà àwọn agbẹ̀bí kò yí ọba lọ́kàn padà. Ẹsẹ tí ó tẹ̀lé e gan-an, 22, sọ pé ó pàṣẹ fún gbogbo ènìyàn rẹ̀ kí wọ́n gbé àwọn ọmọkùnrin sọ sínú odò. Ohun tí ó ti ń ṣe níkọ̀kọ̀ di gbangba. Ẹni tí ó bá rò pé bí òun bá ti dúró ṣinṣin, Fáráò yóò ronú pìwà dà lọ́la, ìjákulẹ̀ yóò bá a. Àwọn ọmọ tí wọ́n dá sí ni èrè iṣẹ́ wọn.

Ẹnìkan yóò dìde nínú kíláàsì, ó sì tọ́ kí ó dìde, yóò ka Róòmù 13:1-7 sí wa létí. Ǹjẹ́ kì í ṣe Ọlọ́run ni ó fi àwọn aláṣẹ sípò? Òun ni. Ẹ rántí pé ìgbà tí Nero jẹ́ Késárì ni Pọ́ọ̀lù kọ ìwé náà. (Oyè yẹn, Késárì, ọ̀nà ibòmíràn ni ó gbà wá: orúkọ ìdílé Julius Caesar ni, ẹni tí a pa ní ọdún 44 ṣáájú ìbí Kristi, orúkọ náà sì di oyè títí dé Jámánì àti Rọ́ṣíà. Ní Íjíbítì ilé di ènìyàn. Ní Róòmù orúkọ ènìyàn di àga.) Ṣùgbọ́n Pọ́ọ̀lù kan náà wí pé kí a san ohun tí ó tọ́ sí olúkúlùkù fún un: owó-orí fún ẹni tí owó-orí í ṣe tirẹ̀, ọlá fún ẹni tí ọlá í ṣe tirẹ̀. Pétérù, ní 1 Pétérù 2:17, pín ọ̀rọ̀ méjì níyà: ìbẹ̀rù ni ti Ọlọ́run, ọlá ni ti ọba. Pétérù náà ni ó sì sọ níwájú ìgbìmọ̀ pé ti Ọlọ́run ni a gbọ́dọ̀ gbọ́ ju ti ènìyàn lọ (Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 5:29). A lè fi ọlá fún oyè kí a sì kọ iṣẹ́ tí olóyè rán wa. Ṣífúrà àti Púà ti ṣe é kí a tó kọ Róòmù.

Àwa ọmọ Onítẹ̀bọmi ní baba kan nínú ọ̀ràn yìí tí ó yẹ kí orúkọ rẹ̀ má ṣe parẹ́. Thomas Helwys ni. Nǹkan bí ọdún 1612 ni òun àti àwọn ènìyàn díẹ̀ padà dé láti Hólándì, wọ́n sì dá ìjọ Onítẹ̀bọmi sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Ó kọ ìwé kan, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ sínú ẹ̀dà kan fún Ọba James Kìíní. Ó rán ọba létí pé ẹni kíkú ni í ṣe, kì í ṣe Ọlọ́run, nítorí náà kò ní àṣẹ lórí ọkàn àwọn ọmọ ìlú rẹ̀ láti máa ṣe òfin nípa ìsìn fún wọn. Kò tàbùkù ọba. Ó jẹ́wọ́ pé ó yẹ kí a gbọ́ràn sí i lẹ́nu nínú ohun ti ayé yìí. Ṣùgbọ́n ó kọjá oyè, ó bá ènìyàn tí ó wà nínú rẹ̀ sọ̀rọ̀. Wọ́n sọ ọ́ sí ẹ̀wọ̀n Newgate, nígbà tí yóò sì fi di 1616 ó ti kú.

Àwọn baba wa náà kò gọ̀ nípa èyí. A máa ń kí ọba ní Kábíyèsí, àwọn àgbà sì ń túmọ̀ rẹ̀ pé kò sí ẹni tí ó lè bi í. Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́ kan náà, àwọn Ọ̀yọ́mèsì wà, Baṣọ̀run ni olórí wọn, wọ́n sì lè kọ ọba. Ẹnu ń kí i pé kò sí ẹni tí ó lè bi í, bẹ́ẹ̀ ni àwọn kan jókòó ní ìtòsí tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti bi í.

Nínú ìjọ ńkọ́? Àwa kò ní Fáráò, a kò sì ní bíṣọ́ọ̀bù. Ìpàdé ìjọ ni ó ń pinnu. Mo dúpẹ́ fún un, ṣùgbọ́n ewu tirẹ̀ ni pé "ìjọ" pàápàá lè di Ilé Ńlá. Wọ́n yọ opó kan kúrò nínú yàrá tí ó ń gbé lẹ́yìn ilé ìsìn. Ta ni ó yọ ọ́? "Ìjọ ti pinnu." Wọ́n dín owó oṣù ọmọ-ọ̀dọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì kù, ta ni ó dín in? "Ìgbìmọ̀ ni." Ọwọ́ ni a nà sókè ní ọjọ́ ìpàdé náà, ọwọ́ kọ̀ọ̀kan sì ní ẹni tí ó ni ín. Bàálé ilé pẹ̀lú, ẹ gbọ́. Oyè yín ní ilé nínú. Nígbà tí bàbá bá wí pé, "Nínú ilé yìí, a kì í ṣe bẹ́ẹ̀," ó dára kí ìyàwó àti ọmọ lè mọ̀ bóyá ilé ni ó ń sọ̀rọ̀ ni tàbí bàbá, ẹni tí ebi ń pa, tí inú ń bí, tí ó sì lè ṣàṣìṣe.

Hébérù 11:24 wí nípa Mósè pé nígbà tí ó dàgbà, ó kọ̀ kí a máa pe òun ní ọmọ ọmọbìnrin Fáráò. Ohun tí ó kọ́kọ́ kọ̀ nìyẹn, orúkọ tí a ń fi pè é. Kí ó tó jáde kúrò nínú ilé náà ní ẹsẹ̀, ó ti jáde kúrò nínú rẹ̀ ní orúkọ. Kò sì rọrùn, nítorí pé obìnrin tí ó tọ́ ọ dàgbà wá láti inú ilé kan náà, ó ṣàánú rẹ̀, ó sì tipa bẹ́ẹ̀ gba ẹ̀mí rẹ̀ là.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀ràn kan síwájú kíláàsì. Ká ní arákùnrin kan wà láàárín yín tí ó jẹ́ akọ̀wé ní ilé ìkó-oògùn-sí ní ọsibítù ìjọba. Wọ́n gbé ìwé wá fún un pé kí ó fọwọ́ sí i pé igba páálí oògùn ibà ti wọlé. Ó mọ̀ pé ogójì ni ó wọlé. Ó béèrè, wọ́n sì dá a lóhùn pé, "Àṣẹ láti òkè ni." Kò sí orúkọ. Òkè ni ó pàṣẹ. Ó ku ọdún mẹ́rin kí ó fẹ̀yìntì, ọmọ mẹ́ta ni ó ní ní ilé-ìwé. Bí kò bá fọwọ́ sí i, wọn yóò gbé e lọ sí ibi tí ó jìnnà, tàbí kí wọ́n wá ẹ̀sùn sí i lẹ́sẹ̀. Bí ó bá fọwọ́ sí i, àwọn ọmọ kan yóò wá sí ọsibítù ní ìgbà òjò, a ó sì sọ fún ìyá wọn pé oògùn ti tán.

Ó rọrùn láti sọ fún un pé kí ó bẹ̀rù Ọlọ́run. Yóò dáhùn pé òun ń bẹ̀rù rẹ̀, ohun tí ó mú kí òun gbé ọ̀rọ̀ náà wá síhìn-ín nìyẹn. Ẹ ṣàkíyèsí pé méjì ni àwọn agbẹ̀bí. A kò gbọ́ pé ọ̀kan nínú wọn dá dúró níwájú ọba. Ẹ ṣàkíyèsí pẹ̀lú pé ilé tí Ọlọ́run kọ́ fún wọn, ènìyàn ni a fi ń kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, kí olùkọ́ tó béèrè ohun tí arákùnrin náà yóò ṣe lọ́jọ́ Ajé, kí ó kọ́kọ́ bi kíláàsì léèrè: bí wọ́n bá dá owó oṣù rẹ̀ dúró, ta ni nínú wa tí yóò san owó ilé-ìwé ọmọ àkọ́kọ́, ta ni yóò san ti èkejì, ta ni yóò sì bá a lọ sí ọ́fíìsì náà kí ó má baà nìkan dúró?